Fífi Iná Kún Iná Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́

Òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Awakọ̀ tí ó bá ń rin ìrìn òru láti Ìbàdàn sí Ṣakí, yálà ní ìgbà ọyẹ́ tí kùrukùru bo ojú ọ̀nà, tàbí ní ìgbà òjò tí omi bo kòtò mọ́lẹ̀, yóò gbà pé òótọ́ ni òwe yìí. Nítorí náà ni iná tí ọkọ̀ bá wá láti ilé iṣẹ́ kì í fi í tó ọ̀pọ̀ onímọ́tò. Wọn a ra iná méjì mìíràn, wọn a sì dè é mọ́ iwájú ọkọ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni Yorùbá ń pe iná tí ń tan ìmọ́lẹ̀ àti iná tí ń jó ilé, àwọn méjèèjì kò sì jìnnà sí ara wọn nínú ọkọ̀. Àwọn ọkọ̀ kan ti jóná di eérú lójú pópó, tí ó jẹ́ pé wáyà tí a fi so iná tuntun ni ó fa á.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni ọ̀nà tí iná mànàmáná ń gbà nínú ọkọ̀. Inú bátìrì ni ó ti ń jáde, ní orí tí a fi àmì àròpọ̀ (+) sí. Yóò gba inú wáyà lọ sí gílóòbù, yóò mú un tàn, lẹ́yìn náà yóò gba ara irin ọkọ̀ padà sí orí kejì bátìrì, èyí tí a fi àmì àyọkúrò (−) sí. Bí ó ti ń lọ ni ó gbọ́dọ̀ máa bọ̀. Bí ọ̀nà bá já níbì kan, gílóòbù kò ní tàn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ kan tí bẹ́líìtì ń yí, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ọ̀tánétọ̀, ni ó ń dá agbára tí a ti ná padà sínú bátìrì.

Fólítì 12 ni bátìrì ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Nítorí pé kì í gbé ènìyàn bí iná ilé ti ń gbé ni, àwọn kan rò pé kò léwu. Àṣìṣe ńlá ni èyí. Fólítì ni ipá tí ń ti iná lọ. Áńpíà ni ìwọ̀n iná tí ń ṣàn kọjá. Wáàtì sì ni ìwọ̀n iṣẹ́ tí iná náà ń ṣe. Bí wáyà tí ó ti orí àròpọ̀ wá bá kan ara irin ọkọ̀ láìgba inú gílóòbù kọjá, ọgọ́rọ̀ọ̀rún áńpíà lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wáyà yóò sì pọ́n bí irin tí alágbẹ̀dẹ fẹ ẹwìrì sí.

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ iye áńpíà tí iná kan yóò fà, kí ó fi fólítì pín wáàtì rẹ̀. Bí gílóòbù kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ wáàtì 55, méjèèjì yóò jẹ́ 110. Bí a bá sì fi 12 pín 110, yóò jẹ́ áńpíà 9 ó lé díẹ̀. Ní ọdún 1841 ni James Joule, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé bí iná tí ń gba inú wáyà kan bá di ìlọ́po méjì, ooru tí ó ń mú jáde yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bí iná bá di ìlọ́po mẹ́ta, ooru yóò di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ẹni tí ó bá mọ òfin yìí ti mọ ìdí tí wáyà fi ń jóná.

Ọ̀nà tí ó yá jù lójú ọ̀lẹ ni kí ó bó ara wáyà iná iwájú tí ó ti wà nínú ọkọ̀, kí ó sì lọ́ wáyà iná tuntun mọ́ ọn. Iná yóò tàn, inú onímọ́tò yóò sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹrù tí wáyà náà lè rù ni ilé iṣẹ́ wọ̀n fún un. Bí gílóòbù méjì ti wáàtì 55 bá ti wà lórí wáyà kan tẹ́lẹ̀, tí a tún wá fi méjì irú rẹ̀ kún un, áńpíà 9 di 18, ooru sì di ìlọ́po mẹ́rin. Rọ́bà ara wáyà yóò rọ̀, yóò yọ́, wáyà yóò wà ní ìhòòhò, yóò sì kan irin. Bí bẹntiróòlù bá ń jò nítòsí, ọ̀rọ̀ di ariwo.

Ohun tí a fi ń dènà irú ewu bẹ́ẹ̀ ni fíúsì. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí a ṣe kí ó lè yọ́ kí wáyà tó gbóná jù. Bí ó bá ti yọ́, ọ̀nà já, iná kú. Thomas Edison, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú nǹkan báyìí ní ọdún 1890. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé gílóòbù ni fíúsì ń ṣọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wáyà ni ó ń ṣọ́. Nítorí náà, ẹ̀bá bátìrì gan-an ni àyè rẹ̀, nítorí kò sí ohun tí ń ṣọ́ wáyà tí ó bá wà láàárín bátìrì àti fíúsì. Ìka tí ó bá tọ́ sí imú ni a sì fi ń re imú: fíúsì gbọ́dọ̀ ju áńpíà tí iná ń fà lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju èyí tí wáyà lè gbà lọ. Fún iná méjì tí ó ń fa áńpíà 9, fíúsì 15 ni ó yẹ, pẹ̀lú wáyà tí wọ́n ń pè ní 2.5 lọ́jà. Kí wáyà náà jẹ́ èyí tí a fi okùn bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ ṣe, kì í ṣe ọ̀pá bàbà kan ṣoṣo bí ti ara ilé, nítorí ọkọ̀ a máa gbọ̀n, ọ̀pá bàbà a sì máa kán.

Kò yẹ kí gbogbo áńpíà 9 yìí gba inú súìṣì kékeré tí ó wà níwájú awakọ̀ kọjá. Ríléè ni a fi ń ṣe ìyẹn. Súìṣì dà bí ọba tí ń pàṣẹ. Ríléè dà bí ẹmẹ̀wà tí ń ru ẹrù. Wáyà kan wà nínú rẹ̀ tí a ká jọ bí òwú. Bí iná díẹ̀, tí kò tó ìdajì áńpíà, bá gba inú wáyà yìí, yóò di òòfà, yóò sì fa irin kan mọ́ra láti ṣí ọ̀nà fún iná ńlá. Nọ́ńbà mẹ́rin ni ó sábà máa ń wà lára ríléè: 30 ni ti wáyà tí ó ti bátìrì wá láti inú fíúsì, 87 ni ti wáyà tí ó lọ sí iná tuntun, 86 ni ti wáyà tí ó ti súìṣì wá, 85 sì ni ti èyí tí ó lọ sí ara irin ọkọ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wáyà orí àyọkúrò bátìrì ni a kọ́kọ́ ń tú. Bí sípánà bá ṣèèṣì kan irin ọkọ̀ nígbà náà, kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀; ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ orí àròpọ̀ ni a kọ́kọ́ tú, sípánà lè ta iná. Lẹ́yìn èyí, kí a de iná tuntun mọ́ àyè rẹ̀ dáadáa. Kí wáyà má ṣe sún mọ́ sàlẹ́ńsà tí ń gbóná tàbí fáànù tí ń yí. Níbi tí ó bá ti gba ihò ara irin kọjá, kí a fi rọ́bà sí ẹnu ihò náà, kí irin má baà gé e. Níbi tí wáyà tí ń padà bá ti kan ara ọkọ̀, kí a ha ọ̀dà àti ìpẹta kúrò títí irin yóò fi dán. Kí a má ṣe fi ọwọ́ lọ́ wáyà méjì pọ̀ kí a sì wé téèpù mọ́ ọn lásán, nítorí ooru a máa tú téèpù. Kí a fi ẹnu irin dì wọ́n pọ̀ ṣinṣin, kí a sì bò wọ́n. Fíúsì ni kí a fi sí i kẹ́yìn, kí a tó so orí àyọkúrò bátìrì padà.

Nígbà náà ni kí a tan iná fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a sì fi ọwọ́ kan wáyà láti orí dé ìdí. Bí apá kan bá gbóná, tàbí tí òórùn rọ́bà bá ń jáde, iṣẹ́ kò tíì parí. Kí awakọ̀ má sì tan iná náà kalẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, nítorí bátìrì yóò gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀.

Ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì tún wà níbẹ̀. Iná tí ó mọ́lẹ̀ jù a máa fọ́ ojú ẹni tí ń bọ̀ lódìkejì. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni ọkọ̀ ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iná iwájú tí a ṣe fún ọ̀nà ibẹ̀ lè tàn sójú ẹlòmíràn níhìn-ín. Kí a darí iná sí ilẹ̀, kí a sì pa èyí tí a fi kún un bí ọkọ̀ mìíràn bá yọ.

Bí fíúsì bá jó, ó ní ohun tí ó ń sọ. Àwọn kan kì í gbọ́; wọn a mú bébà fàdákà inú páálí sìgá, wọn a fi rọ́pò rẹ̀, iná a sì tún tàn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ dà bí onílé tí ó di ajá rẹ̀ lẹ́nu nítorí pé ó ń gbó olè. Riwáyà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò wá ìdí tí fíúsì fi jó, yóò tún ibẹ̀ ṣe, lẹ́yìn náà ni yóò tó fi òmíràn tí ó jẹ́ ìwọ̀n kan náà sí i. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Fíúsì ni ọkọ̀ fi ń ṣọ́ ara rẹ̀.

Àwọn Ìbéèrè

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín fólítì, áńpíà àti wáàtì?
2. Iná méjì kan jẹ́ wáàtì 60 lọ́kọ̀ọ̀kan. Áńpíà mélòó ni wọn yóò fà lára bátìrì fólítì 12?
3. Èéṣe tí fíúsì fi gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀bá bátìrì?
4. Ṣàlàyé iṣẹ́ ríléè ní ọ̀rọ̀ ara rẹ.
5. Kọ àròkọ kan lórí òwe yìí: “Ìka tí ó bá tọ́ sí imú ni a fi ń re imú.”