Ẹlẹ́rìí Mélòó Ni Ó Yẹ Kí Ẹ̀rọ Apín-Aago Ní?

Bí oníṣòwò kan ní ọjà Bódìjà bá fi fóònù san owó fún ẹni tí ó tà á lọ́jà ní Challenge, ó kéré tán, kọ̀ǹpútà méjì ni yóò kọ àkókò tí owó náà kọjá sílẹ̀. Bí aago wọn kò bá ṣe déédéé, àkọsílẹ̀ lè wí pé owó ti dé kí a tó fi í ránṣẹ́. Bí aáwọ̀ bá bẹ́ sílẹ̀, aláìṣẹ̀ lè ti ibẹ̀ ru ẹ̀bi.

Aago inú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun tí a lè fi ọkàn tán. Ooru a máa yí ìrìn rẹ̀ padà, ó sì lè fi ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì ṣìnà lójúmọ́. Láàárín oṣù kan, èyí lè tó ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń yan kọ̀ǹpútà kan ṣe ẹ̀rọ apín-aago, tí àwọn yòókù ń béèrè àkókò lọ́wọ́ rẹ̀. NTP ni orúkọ ìlànà tí wọ́n ń lò. David Mills, ará Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1985.

Ṣùgbọ́n ibo ni ẹ̀rọ apín-aago fúnra rẹ̀ ti ń gba àkókò? Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Bí ó bá ní orísun kan ṣoṣo, tí ìyẹn sì ṣìnà, gbogbo ilé-iṣẹ́ ni yóò bá a ṣìnà. Bí orísun bá jẹ́ méjì, tí ọ̀rọ̀ wọn kò sì dọ́gba, kò sí bí a ó ti mọ èyí tí ó ń purọ́. Bí wọ́n bá di mẹ́ta, méjì tí ó fẹnu kò yóò fi ìkẹta tí ó yapa hàn. Mẹ́rin ni ó dára jù, nítorí bí ọ̀kan bá dákẹ́, mẹ́ta yóò ṣẹ́kù.

Báyìí ni a ń ṣe é:

1. Kí a yan orísun tí ó yàtọ̀ síra. Ọ̀kan lè jẹ́ àǹtẹ́nà lórí òrùlé, tí ń gbọ́ sátẹ́láìtì GPS. Kí ilé gíga, bí Cocoa House ní Dùgbẹ̀, má ṣe bo ojú ọ̀run mọ́ ọn. A lè rí àwọn yòókù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí pool.ntp.org.

2. Bí a bá ń lo chrony, kí a kọ orísun íntánẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan sí ìlà tirẹ̀ nínú chrony.conf: ọ̀rọ̀ náà server, lẹ́yìn náà orúkọ orísun, lẹ́yìn náà iburst, kí aago lè tètè bọ̀ sípò.

3. Kí a ṣí ọ̀nà UDP 123 sílẹ̀.

4. Kí a tẹ chronyc sources. Àmì * wà níwájú orísun tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé. Àmì x wà níwájú èyí tí ó kà sí elékèé.

Àkókò àgbáyé ni NTP ń gbé kiri. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ni yóò fi wákàtí kan ti Nàìjíríà kún un. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti aago ẹ̀rọ apín-aago síwájú fún èyí.

Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti fi ẹlẹ́rìí tòótọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ aáwọ̀. Oníṣòwò Bódìjà àti oníbàárà rẹ̀ ní Challenge kò ní mọ̀ ọ́n lójú, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ owó wọn yóò bá ara mu.