Igi Tó Tẹ̀, Igi Tó Wọ́, Igi Tó Lọ́

Ní Lafiaji, tó múlé ti àdúgbò àwọn Àgùdà tí wọ́n mú iṣẹ́ káfíńtà àti bíríkìlà Bùràsíìlì wọ Èkó ní ọ̀rúndún 19, bí wọ́n bá ṣí ògiri onígi fún àtúnṣe, ohun tí onílé sábà máa ń sọ ni pé òpó inú rẹ̀ ‘ti bàjẹ́’. Ọ̀rọ̀ yìí gbòòrò jù fún oníṣẹ́, nítorí pé Yorùbá ya àléébù igi sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àtúnṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì jọra.

Ohun tó sábà máa ń fa àwọn àléébù wọ̀nyí ni ọ̀rinrin. Igi tútù, ìyẹn èyí tí wọ́n là tí wọ́n sì tà kí ó tó gbẹ, yóò máa súnkì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kàn án mọ́ ògiri. Ìsúnkì rẹ̀ yíká ìtì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 2 ìsúnkì rẹ̀ láti ọkàn igi sí èèpo, apá kan á sì máa fa èkejì títí òpó yóò fi kúrò lójú okùn, èyí tí í ṣe ìlà tí oníṣẹ́ fi okùn nà láti òkè dé ilẹ̀.

‘Tẹ̀’ ni a ń lò fún ohun tó tọ́ tẹ́lẹ̀ tí nǹkan sì sọ di èyí tí kò tọ́ mọ́. Òpó tẹ̀ nígbà tí àárín rẹ̀ bá yọ síta bí ọrun, tí orí àti ìdí rẹ̀ sì wà lójú okùn. Igi ìdábùú tí a kàn láàárín òun àti òpó kejì lè fà á padà bí kò bá tíì pọ̀ jù. ‘Wọ́’ ni òdì ‘tọ́’, ipò ni ó ń sọ, kò sọ ohun tó fà á. Ipò yìí náà ni òwe ń sọ nígbà tó ní igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú. A lè sọ pé ‘ẹrù tẹ igi’, ṣùgbọ́n ‘wọ́n wọ́ igi’ kò túmọ̀ sí pé wọ́n sọ ọ́ di wíwọ́, bí kò ṣe pé wọ́n fà á nílẹ̀. Bí òpó bá wọ́ díẹ̀, a máa ń fi ìfági fá ibi tó yọ lára rẹ̀. ‘Lọ́’ ni ti igi tí orí rẹ̀ kọjú síbìkan tí ìdí rẹ̀ kọjú síbòmíràn. Irú èyí kò ṣeé fà tọ́, yíyọ ni kí a yọ ọ́, kí a fi èyí tó gbẹ dáadáa rọ́pò rẹ̀.

Àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ kò ṣeé fojú di nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. ‘Ògiri wọ́’ ń sọ pé kò tọ́, ‘ògiri wó’ ń sọ pé ó ti ṣubú. ‘Igi lọ́’ kì í ṣe ‘igi lọ’. Kí onílé tó bá ń kọ̀wé iṣẹ́ ránṣẹ́ sí káfíńtà fi àmì wọn sí i pé, kí ó sì dárúkọ àléébù náà gan-an, kí oníṣẹ́ má baà yọ òpó tó yẹ kí ó fà tọ́.