Ó Ṣeé Tún Lò, Ṣùgbọ́n Ta Ni Yóò Tún Un Lò?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè máa ń kọ nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì: àtúnlò. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá sọ pé "reuse", àtúnlò ni a ó kọ. Bí ó bá sọ pé "recycle", àtúnlò náà ni. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé iṣẹ́ méjì tó yàtọ̀ síra ni ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe, àti pé bí a kò bá ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀, a lè fi ìtumọ̀ wa ṣi òǹkàwé lọ́nà. Ife kọfí ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ó ti dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ ní Ìlú Ọba àti ní Jámánì.

Ohun tó wà nínú ife náà

Ife tí àwọn ilé kọfí ńláńlá bíi Starbucks àti Costa fi ń ta kọfí fún ẹni tó fẹ́ gbé e lọ dà bíi bébà lásán. Kì í ṣe bébà lásán. Bí a bá da omi gbígbóná sínú bébà, yóò rọ̀, yóò sì jò. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́ inú rẹ̀. Ọ̀rá yìí kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 ìwọ̀n ife náà lọ, àmọ́ òun gan-an ni wàhálà. Àwọn tó ń po bébà àlòkù láti fi ṣe bébà tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya ọ̀rá náà kúrò, ẹ̀rọ tó sì ń ṣe iṣẹ́ yẹn kò pọ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2018, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàyẹ̀wò ọ̀rọ̀ àyíká ní Ilé Aṣòfin Ìlú Ọba gbé ìròyìn jáde lórí ife wọ̀nyí. Wọ́n ní bílíọ̀nù 2.5 ife ni àwọn ènìyàn ń jù nù lọ́dún, ibi mẹ́ta péré ló sì wà nígbà náà tó lè ya ọ̀rá kúrò lára bébà. Nínú 100 ife, kò tó ẹyọ kan tí wọ́n ń sọ di nǹkan mìíràn. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ oníbàárà ló gbà pé ife náà ṣeé tún lò.

Iṣẹ́ tí "ṣeé" ń ṣe

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn méjì:

(1) Ife yìí ṣeé tún lò.
(2) A máa ń tún ife yìí lò.

Nínú (2), olùwà wà tó ń ṣe iṣẹ́, "máa ń" sì sọ fún wa pé ibá ìṣẹ̀lẹ̀ bárakú ni: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ni. Nínú (1), ife ló jókòó sí ipò olùwà. Ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà kò sí níbẹ̀ rárá. Ìwà ife nìkan ni gbólóhùn náà ń ròyìn. Omi tó ṣeé mu lè wà nínú kànga fún ọdún kan láìsí ẹni tó bù ú. Ọ̀nà tó ṣeé gbà kò ní kí ẹnikẹ́ni gba ibẹ̀.

Nítorí náà, gbólóhùn (1) lè jẹ́ òótọ́ pọ́nbélé, kí ife náà sì bọ́ sí ààtàn. Ó jọ pé ìgbìmọ̀ náà mọ èyí. Wọ́n dábàá pé kí ilé kọfí tí kò bá ní ètò ìkójọ ife nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọ ọ́ sára ife pé:

(3) A kì í sábà tún ife yìí lò.

Ẹ ṣàkíyèsí pé "ṣeé" ti kúrò, ibá bárakú sì ti dé. Wọ́n tún dábàá pé kí ẹni tó bá gba irú ife bẹ́ẹ̀ san pẹ́ńsì 25 lé owó kọfí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba kò gbà. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà, Costa kéde pé òun yóò máa san pọ́n-ùn 70 kún owó àwọn tó ń kó pàǹtí, lórí tọ́ọ̀nù ife kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kó. Ohun tí owó yẹn wá ṣe ni pé ó wá olùwà fún gbólóhùn tí kò ní olùwà.

Kí gan-an ni à ń tún lò?

Ìbéèrè kejì dá lórí àbọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe "lò" ń fẹ́ àbọ̀, bí a bá sì fi "tún" ṣáájú rẹ̀, ohun kan náà la lò lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo wa la mọ owó ìgò. Bí o bá fẹ́ gbé míníráà onígò lọ sílé láìmú òfìfo ìgò wá, wàá fi owó ìgò sílẹ̀. Tí o bá dá ìgò padà, wàá gba owó rẹ. Ilé iṣẹ́ yóò fọ ìgò náà, wọn yóò tún rọ nǹkan sí i. Ìgò ṣì ni ìgò. Àtúnlò nìyẹn láìsí àríyànjiyàn.

Ife bébà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ, wọn yóò pò ó títí kò fi ní jẹ́ ife mọ́. Bébà inú rẹ̀ ni wọ́n tún lò. Ife ti kú.

Ìlú Freiburg ní Jámánì yan ọ̀nà ìgò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ife oníke líle kan. Oníbàárà yóò fi yúrò 1 sílẹ̀, yóò mu kọfí rẹ̀ lọ, yóò sì dá ife padà sí èyíkéyìí nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà nínú ètò náà, kì í ṣe ibi tó ti rà á nìkan. Wọn yóò fọ̀ ọ́ fún ẹlòmíràn. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, òfin Jámánì ti sọ ọ́ di dandan pé kí àwọn tó ń ta oúnjẹ àti ohun mímu àgbélọ ní irú ife tàbí abọ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ fún oníbàárà tó bá fẹ́, láìfi kún iye ọjà. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké nìkan ni òfin náà yọ̀ǹda, àmọ́ àwọn náà gbọ́dọ̀ gbà láti bu ọjà sínú abọ́ tí oníbàárà bá mú wá.

Ibi tí ìtumọ̀ ti lè bàjẹ́

Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ọdún 2008 lórí pàǹtí to iṣẹ́ wọ̀nyí ní ipele. Èkíní ni kí pàǹtí má tilẹ̀ wáyé. Èkejì ni kí a lo nǹkan náà gan-an lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀kẹta ni kí a sọ ọ́ di nǹkan tuntun. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wa túmọ̀ èkejì àti ẹ̀kẹta, gbólóhùn tí yóò jáde ni: "Àtúnlò ṣáájú àtúnlò." Ipele ti parẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀kẹta yóò sì gba ìyìn èkejì lọ́fẹ̀ẹ́.

Èdè wa kò tálákà níbí. A ń rọ irin, a ń yọ́ páànù, a ń po bébà. Nítorí náà àtúnrọ, àtúnyọ́ àti àtúnpò ṣeé ṣẹ̀dá pẹ̀lú àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "à-", gẹ́gẹ́ bí a ti ṣẹ̀dá àtúntẹ̀ àti àtúnwí. Bí a bá fẹ́ ọ̀rọ̀ kan tó kó gbogbo wọn pọ̀, àbá mi ni àtúndá. Kí àtúnlò wà fún ìgò, kí àtúndá wà fún bébà.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti ń jẹun nídìí iṣẹ́ ìtumọ̀, ẹ bá wa yẹ àbá yìí wò. Bí ẹ bá sì ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju àtúndá lọ, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yòówù kí a mú, bí a bá ti kọ "ṣeé" sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi gbólóhùn kan kún un tó sọ ẹni tí yóò ṣe é.