Alárenà Tí Kò Fẹ́ Yẹ̀ba

Bí ọkọ bá ti mojú ìyàwó tán, alárenà á yẹ̀ba. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n ó yẹ ká tún un gbọ́ lónìí, nítorí alárenà tuntun ti wọ̀lú. Inú fóònù ló ń gbé, kò sì ní in lọ́kàn láti yẹ̀ba fún ẹnikẹ́ni. Tinder, Badoo, Bumble, Hinge àti àwọn áàpù ẹgbẹ́ wọn tí a fi ń wá olólùfẹ́ ni mo ń bá wí. N kò sọ pé kí ọ̀dọ́ má lò wọ́n o. Mo mọ tọkọtaya tó pàdé níbẹ̀ tí wọ́n ti ń tọ́mọ báyìí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀ lé alárenà lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí alárenà náà ti ń jẹun.

Alárenà ayé àtijọ́, ojúlùmọ̀ ìdílé méjèèjì ni. Ó mọ ilé tí àìsàn kan ń bá jà, ó mọ ọmọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí ìjà. Bó bá parọ́, orúkọ tirẹ̀ ló bà jẹ́. Ọjọ́ tí ìyàwó bá wọlé ọkọ, iṣẹ́ rẹ̀ parí, ó sì gba ọpẹ́ rẹ̀. Ti inú fóònù kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ní Amẹ́ríkà, Match Group, ló ni Tinder, Hinge àti OkCupid, owó tí àwọn oníbàárà ń san láti máa lò wọ́n ló sì fi ń jèrè. Ẹni tó bá rí aya fẹ́ lónìí kò ní sanwó mọ́ lọ́la. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2024, ọjọ́ olólùfẹ́ gan-an, àwọn oníbàárà kan gbé ilé-iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní California. Wọ́n ní ṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àwọn áàpù náà kí wọ́n lè di bárakú fún ènìyàn. Ilé-iṣẹ́ náà ní ẹjọ́ yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

N kò ní dá ẹjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Láti ọdún 2012 tí Tinder ti jáde, fọ́tò ló ń gbé síwájú ẹni. Èyí tó wù ọ́, wàá gbá a sọ́tùn-ún. Èyí tí kò wù ọ́, wàá gbá a sósì. Bí ẹni tó wù ọ́ bá gbá ìwọ náà sọ́tùn-ún, ó di match, fóònù á dún, orí á wú. O kò mọ ìgbà tí yóò dún. Àìmọ̀ yẹn gan-an ni ìdè. Onímọ̀ ìwà ẹ̀dá ọmọ Amẹ́ríkà kan, B. F. Skinner, ti rí i lára ẹyẹlé kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ áàpù: bí oúnjẹ bá ń jáde lásìkò tí ẹyẹlé kò lè sọ, yóò máa fẹnu ṣá bọ́tìnnì tó ń gbé oúnjẹ jáde láìsinmi, bí oúnjẹ bá sì dáwọ́ dúró pàápàá, yóò pẹ́ kó tó jáwọ́. Jonathan Badeen wà lára àwọn tó dá Tinder sílẹ̀. Nínú fíìmù Swiped tí HBO gbé jáde lọ́dún 2018, ó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé ohun tí Skinner rí lára ẹyẹlé wà lára ohun tí wọ́n rò mọ́ gbígbá fọ́tò náà. Ọ̀nà kan náà ni tẹ́tẹ́ ń gbà mú àwọn ọmọ wa. Nítorí náà, bó o bá ti gbìyànjú láti fi í sílẹ̀ tí kò ṣeé ṣe, má pe ara rẹ ní aláìlákòóso. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é kì í jẹ́ kó rọrùn láti fi sílẹ̀.

Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ara ni àṣejù yìí sì ń bá jà. Àbúrò mi obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó wá kí mi lópin ọ̀sẹ̀. A ń jẹun lọ́wọ́, ó dojú fóònù rẹ̀ bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ẹ̀fọ́. Fóònù gbọ̀n. Òkèlè ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fi í sẹ́nu. Ó fi ọwọ́ òsì yí fóònù padà, ó wò ó, ó tún dà á délẹ̀. Mo bi í pé ta ni. Ó ní, “Kì í ṣe ẹnì kankan, ẹ̀gbọ́n mi.” Òótọ́ ló sọ. Áàpù ló ń wí fún un pé ẹnìkan ti fẹ́ràn rẹ̀, kò sì ní jẹ́ kó rí ojú ẹni náà àfi tó bá sanwó. Ó ní òun kì í sùn kí aago méjì òru tó lù, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́rin ààbọ̀ lòun ń dìde kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má bàa ká òun mọ́ orí afárá. Ẹnìkan wà tí wọ́n ti jọ ń sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, wọ́n tiẹ̀ ti ń yan orúkọ ọmọ, ló bá dákẹ́ lọ́jọ́ kan, kò gbé ìpè mọ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, fọ́tò ara mi ni mo ń wò lóru. Mo ń wá ohun tó kù díẹ̀ káàtó lójú mi.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dọ́kàn, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́. Lọ́dún 2017, Jessica Strubel àti Trent Petrie tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà: àwọn tó ń lo Tinder, ọkùnrin àtobìnrin, kò nífẹ̀ẹ́ sí ojú àti ara wọn tó àwọn tí kò lò ó. Lọ́dún 2020, àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà rí i pé ìdààmú ọkàn, àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì pọ̀ lára àwọn tó ń lo irú áàpù bẹ́ẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Òtítọ́ ni pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti gbọgbẹ́ tẹ́lẹ̀ lè wà lára àwọn tó ń sáré lọ síbẹ̀. Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹni tó gbọgbẹ́ lọ wá ibi tí wọn yóò ti máa tẹ ojú egbò náà.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ó ti kọjá ààlà? Àwọn onímọ̀ ní Hungary ti ṣe òṣùwọ̀n fún un lọ́dún 2016, ohun tí wọ́n ń bi ni léèrè kò sì le. Ṣé áàpù náà ló ń wá sí ọ lọ́kàn lẹ́nu iṣẹ́? Ṣé àkókò tí ò ń lò níbẹ̀ ń pọ̀ sí i? Ṣé ìgbà tí inú rẹ bà jẹ́ lò ń sá wọ ibẹ̀? Ṣé o ti pa á rẹ́ tí o tún gbà á padà? Ṣé ara rẹ kì í balẹ̀ bí dátà bá tán? Ṣé ó ti ń ba oorun, iṣẹ́ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ jẹ́? Bí púpọ̀ nínú wọn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti di ti ìtọ́jú ara.

Oorun ni kí o kọ́kọ́ gbà padà. Àgbàlagbà nílò ó kéré tán wákàtí 7 lóru. Fi fóònù sílẹ̀ ní yàrá ìgbàlejò, ra aago tí ń jí ni. Pa ariwo áàpù náà, kó má lè pè ọ́. Ìwọ ni kó o máa lọ bá a, lásìkò tó o dá fún un, lójúmọmọ. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo, áńbọ̀sìbọ́sí ẹni tó ń bá ènìyàn mẹ́wàá tàkúrọ̀sọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bá ẹnì kan tàbí méjì sọ̀rọ̀ títí, kó o sì tètè rí wọn, nítorí ojú lọ̀rọ̀ wà. Wákàtí kan ní ilé oúnjẹ yóò sọ ohun tí oṣù kan lórí fóònù kò lè sọ.

Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti pàdé, kí ẹnìkan nílé sì mọ ibi tó o lọ. Ní oṣù Keje ọdún 2012, wọ́n pa ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Festac, ní Èkó. Orí Facebook ló ti bá àwọn tó pa á dọ́rẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ń tọrọ owó kó o tó rí i, yọwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀ kíá. Kí ìfẹ́ tó wọra, ẹ béèrè jẹnotáìpù, kí ẹ sì jọ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà lè jẹ́ SS, ìyẹn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde. Alárenà àtijọ́ ì bá ti sọ fún ọ. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ kò bìkítà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ọmọ tí wọ́n bi léèrè ọkọ níbi ìkómọ, tí wọ́n tún bi léèrè níbi òkú àgbà, tí wọ́n fi ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe àpèjúwe fún, inú fóònù ni yóò gba lọ lóru ọjọ́ náà. Ẹ bi í bóyá ó ń sùn. Ẹ bi í bóyá ó ń jẹun.

Bí ìbànújẹ́ bá sì wọni lára fún ọ̀sẹ̀ méjì láìdẹwọ́, tí oúnjẹ kò wọlé, tí ohun tó máa ń dùn mọ́ni kò dùn mọ́, kí olúwarẹ̀ lọ rí dókítà. Àwọn tó gbọ́ orúkọ ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò ní Abẹ́òkúta tàbí ti Yábàá máa ń rò pé wèrè tó ń jà nígboro nìkan ni wọ́n ń gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò rí oorun sùn àti ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú ń lọ síbẹ̀, wọ́n á gba ìtọ́jú, wọ́n á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Bí dókítà bá bi ọ́ bí o ṣe ń lo òru, má fi áàpù náà pamọ́ fún un. Sọ iye wákàtí gan-an.