Bí Kọ̀ǹpútà Bá Dákú Lẹ́nu Ìtúmọ̀ Ètò

Atúmọ̀-ètò ni ó ń sọ ètò tí ènìyàn kọ di èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́. Bí ẹ̀rọ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ṣáṣá, ní Alímọ̀ṣọ́, bá dúró gbọn-in lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kí ó má tíì náwó fún alátùn-únṣe. Ẹrù ni ó sábà máa ń pọ̀ jù. Àṣẹ make -j8 lè gbé iṣẹ́ 8 kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba GB 1, ìrántí GB 4 kò lè gbà wọ́n. Ẹ̀rọ yóò máa kó ẹrù lọ sórí dísìkì tí ó lọ́ra, gbogbo nǹkan yóò sì dúró. Kí ó lo make -j2. Bí ó bá tún dúró, kí ó yẹ ooru àti fáànù ẹ̀rọ wò. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.