KÍ A MỌ ARA WA KÍ A TÓ ṢÍWÁJÚ ẸLÒMÍRÀN

Ẹ̀yin ọmọ kéú wa, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin jàmáà mọ́sálásí wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lọ́dún yìí ni ọ̀rọ̀ mímọ ara ẹni.

Ohun tí ó mú wa yàn án kò jìnnà. Bí olùkọ́ bá ní kí ọmọ kan bọ́ síwájú kí ó ṣe ìmáàmù fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ohun méjì ni a sábà máa ń rí. Ọmọ tí ó ti há súrà púpọ̀ sórí yóò sá pamọ́ sẹ́yìn òpó. Èyí tí kò tíì mọ Fátíhà kà dáadáa yóò máa fi èjìká ti ẹlòmíràn kí ó lè dé iwájú. Àwọn méjèèjì kò mọ ara wọn: ọ̀kan kò mọ ohun tí ó ní, èkejì kò mọ ohun tí kò ní. Àwa àgbà náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àti nínú ìgbìmọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni mẹ́ta.

Ẹni àkọ́kọ́ ni Ànábì Yusuf. Súrà tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, áyà 55, jẹ́ kí a mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó tọrọ lọ́wọ́ ọba Íjíbítì pé kí ó fi òun ṣe alábòójútó àwọn ilé ìṣúra ilẹ̀ náà. Ìdí méjì ni ó sọ: ó mọ nǹkan tọ́jú, ó sì ní ìmọ̀. Kò sọ pé òun dára ju gbogbo ènìyàn lọ, kò sì fi orúkọ bàbá rẹ̀ yangàn. Ìyàn ọdún méje ń bọ̀, ó sì mọ̀ pé òun lè ṣe iṣẹ́ náà. Bí ó bá ti dákẹ́ nítorí ìtìjú, ta ni ì bá jìyà rẹ̀ bí kò ṣe àwọn ará ìlú?

Ẹni kejì ni Ànábì Musa. Nígbà tí Ọlọ́hun rán an sí Firiáónà, ó mọ̀ pé ahọ́n òun wúwo. Kò fi í pamọ́, kò sì fi í ṣe àwáwí láti sá fún iṣẹ́. Nínú Súrà Tọ́-Há, láti áyà 25, ó bẹ Ọlọ́hun pé kí Ó la àyà òun, kí Ó tú kókó tí ó wà ní ahọ́n òun, kí Ó sì fi Harun ọmọ ìyá òun ṣe olùrànlọ́wọ́. Ọlọ́hun sì fún un.

Ẹni kẹta ni Abu Dharr, sàábé Ànábì wa. Ó wà nínú hádíìsì tí Imam Muslim gbà wá pé ó tọrọ ipò. Ànábì fi ọwọ́ lu èjìká rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé kò lágbára tó fún un, pé àgbàfipamọ́ ni ipò, àbámọ̀ ni yóò sì dà ní Ọjọ́ Àjíǹde fún ẹni tí kò bá ṣe é bí ó ti tọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Abu Dharr yìí kan náà ni Ànábì yìn fún òdodo ọ̀rọ̀. Ẹni rere ni. Iṣẹ́ náà ni kì í ṣe tirẹ̀.

Àwa tí a ń kọ èyí ti jẹ nínú ìyà rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ kan yàn wá ní akápò. A mọ̀ pé a kò mọ ìṣirò owó, ṣùgbọ́n ojú tì wá láti sọ ọ́ nítorí pé Ààfáà ni wọ́n ń pè wá. Nígbà tí ọdún yí po, a kò lè sọ bí owó kan ṣe jáde. A kò jí kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n kí ni a ó fi hàn? Oṣù mẹ́rin ni a fi san án díẹ̀díẹ̀ láti inú owó oúnjẹ ilé. Ìyá àwọn ọmọ wa kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n a ń rí i bí gààrí ṣe ń dín kù nínú abọ́. Bí a bá ti sọ pé, "A kò mọ̀ ọ́n, ẹ fún wa ní ẹni tí yóò máa bá wa kọ ọ́ sílẹ̀," ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Ànábì Musa tọrọ olùrànlọ́wọ́, ojú kò tì í.

Báwo wá ni a ṣe ń mọ ara ẹni?

1. Kí o tó sùn, ṣe ìṣirò ara rẹ. Kí ni o ṣe dáadáa lónìí? Kí ni o fi sílẹ̀? Ta ni o ṣẹ̀?

2. Kọ́kọ́ ṣe olórí ara rẹ. Ẹni tí kò lè jí fún ìrun Àsùbá, báwo ni yóò ṣe jí ẹlòmíràn? Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá kọ́ wa pé darandaran ni olúkúlùkù wa, a ó sì bi í nípa ohun tí ó ń dà. Ọmọ tí ó ń mú àbúrò rẹ̀ wá sí ilé kéú ti di olórí.

3. Béèrè àléébù rẹ lọ́wọ́ ẹni tí kò ní tàn ọ́, má sì bínú sí i.

4. Bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí ó bá ka súrà kúkúrú níwájú ẹni márùn-ún lónìí, àyà rẹ̀ kò ní já níwájú ọgọ́rùn-ún lọ́la.

Ẹ̀yin òbí, ẹ rántí Usama bin Zayd. Ní ọdún 11 Hijira (632), Ànábì fi í ṣe olórí ọmọ ogun nígbà tí kò tíì pé ogún ọdún, àwọn àgbà sàábé sì wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn kan kùn, ṣùgbọ́n Ànábì gbèjà rẹ̀. Lẹ́yìn ikú Ànábì, Abubakr kò yọ ọ́. Ó fi ẹsẹ̀ rìn nígbà tí ọmọ náà wà lórí ẹṣin, ó sì tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí Umar lè dúró ti òun ní Mẹ̀dínà. Àgbà ni ó fọkàn tán Usama kí ó tó lè fọkàn tán ara rẹ̀. Ọmọ tí a ń pè ní olódo láàárọ̀ àti lálẹ́, níbo ni yóò ti rí ìgboyà? Àwa olùkọ́ tí pàṣán kì í kúrò lọ́wọ́ wa, ọ̀rọ̀ náà kàn wá.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí a mọ ohun tí a ní kí a lè lò ó, kí a mọ ohun tí a kò ní kí a lè tọrọ rẹ̀. Kí Ó má jẹ́ kí ipò di àbámọ̀ fún wa. Àmín.