Mélòó àti Kelòó

Ẹni tó bá ní "omi mélòó?" nígboro lónìí, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló ń bèèrè. Omi inú àmù kò ní mélòó, "báwo ló ṣe pọ̀ tó?" ni tirẹ̀. Ohun tó bá ṣeé kà lẹ́yọ lẹ́yọ nìkan ni mélòó wà fún.

Ẹ lo òfin yìí fún iná mànàmáná. Ní 1879, ní Baltimore, Edwin Hall fi hàn pé bí iná bá ń gba inú wúrà pẹlẹbẹ kọjá níbi tí òòfà wà, òòfà á máa tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí òòfà bá ṣe lágbára tó ni títì náà ṣe ń pọ̀ tó. "Báwo ló ṣe pọ̀ tó" bá a mu wẹ́kú.

Ní oṣù Èrèlé 1980, Klaus von Klitzing, ará Jámánì, wà ní Grenoble nílẹ̀ Faransé pẹ̀lú sílíkọ́ọ̀nù tó tutù ju yìnyín lọ fíìfíì àti òòfà tó le koko. Nínú irú òòfà bẹ́ẹ̀, ńṣe ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń gbé iná ń pòòyì, kì í sì í ṣe bó ṣe wù ú: Lev Landau ti ṣírò rẹ̀ ní 1930 pé ìpele-ìpele ni agbára rẹ̀, kò sí ibi ìdúró láàárín. Bí von Klitzing ṣe ń fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kún sílíkọ́ọ̀nù náà, ìdènà iná tó ń wọ̀n láti ara títì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí Hall rí kò wálẹ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Ó dúró gbọnin, ó já, ó tún dúró: 12,906.4 ohm, 8,604.3, 6,453.2. Ẹ pín 25,812.8 sí méjì, sí mẹ́ta, sí mẹ́rin, ẹ ó bá wọn níbẹ̀. Ìbéèrè ti di "ìpele mélòó ló kún?" Ẹni tó bá kọ "díẹ̀díẹ̀" fún irú èyí ti ṣìnà, "ìpele-ìpele" ló tọ́. Wọ́n fún von Klitzing ní ẹ̀bùn Nobel ní 1985.

Bó bá jẹ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo la ń wá, "ìpele kelòó ló wà?" la ó bèèrè, bí òbí ṣe ń bi ọmọ pé "ipò kelòó lo ṣe?" Mi ò mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ń bèèrè ìyẹn.

Ní 1982, ní Amẹ́ríkà, Daniel Tsui àti Horst Störmer kéde pé àwọn rí irú ìdúró gbọnin yìí níbi tí ìdámẹ́ta ìpele kan péré ti kún. Ìdámẹ́ta ni ẹyọ kan nínú mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí ìdámẹ́wàá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdènà iná níbẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta 25,812.8 ohm. Akọ̀ròyìn tó bá kọ "ìdámẹ́ta" sáyè "ìlọ́po mẹ́ta" ti sọ ọ́ di 8,604.3, ìyẹn sì jẹ́ ti ìpele mẹ́ta tó kún bámúbámú.